Ewúrẹ́ Tó Ń Jẹ Nẹ́tíwọọ̀kì Erékùṣù Mẹ́ta

Pyo Mi-ok kò fẹ́ràn ìpàdé rárá. Bí ẹ bá ní kó gun òpó onírin lójú atẹ́gùn òkun, á gùn ún, á tún máa kọrin lókè. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó jókòó sínú yàrá kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ tábìlì bí ẹsẹ̀ ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn apẹja Keunmal pe àwọn olórí erékùṣù jọ, kò síbi tó máa gbà sá. Òun nìkan ni ẹnjiníà tí ẹgbẹ́ ní. Òun ni wọ́n sì ní kó wá bí erékùṣù mẹ́ta ṣe máa rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò.

Keunmal ni erékùṣù ńlá, wáyà abẹ́ òkun sì ti gbé íńtánẹ́ẹ̀tì débẹ̀ tipẹ́. Àwọn mẹ́ta kéékèèké tó tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ adìyẹ, ìyẹn Solme, Jagae àti Dolgi, ni kò ní. Gim ni gbogbo wọn ń gbìn, ewé òkun dúdú tí wọ́n ń sá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n máa ń ta gim ní gbàǹjo ní Keunmal. Ẹni tó bá wà ní erékùṣù kékeré, ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá dé ló tó máa gbọ́ iye tí ọjà lọ, nígbà tí ọjà ti tú, tí ẹlẹ́tàn ti tan ẹni tó máa tàn.

Mi-ok dìde, ó fi ọwọ́ gbá ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀kan ni kan-sí-kan. Màá gbé àwo kan tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ gba ojú òfuurufú sórí òkè Keunmal níbí, màá gbé ìkejì rẹ̀ sí Solme. Àwọn méjèèjì á dojú kọra bíi tọkọtaya tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹlòmíràn ò ní dá sí i, ẹlòmíràn ò sì ní bá wọn pín in. Tí mo bá ṣe ti Solme tán, màá gbé méjì mìíràn fún Jagae, méjì fún Dolgi."

"Àwo mẹ́fà nìyẹn," ni Alága ẹgbẹ́ wí. Ma Gwang-sik lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tó máa ń fà á wálẹ̀ bó bá ń ronú. Ó ń fà á báyìí.

"Mẹ́fà ni, Alága. Ọ̀nà kejì ni kan-sí-púpọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lójú gbàràgàdà la máa gbé sórí òkè. Á máa bá gbogbo erékùṣù sọ̀rọ̀ pa pọ̀, bíi gbohùngbohùn tí ẹ̀yin olórí fi ń kéde láàárọ̀. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan á kàn gbé etí kékeré tirẹ̀ sókè. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Bí erékùṣù mìíràn bá sì ní òun fẹ́ wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, etí kan péré la máa fi kún un."

"Mẹ́rin!" Alága ti ju irùngbọ̀n sílẹ̀. "Mẹ́rin ló dáa. Ìpàdé parí."

"Ó kù, sà. Ó ní àléébù tiẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á dúró díẹ̀ kó tó kàn wọ́n. Kì í pẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Àmọ́ tí ẹnì kan bá wá ń sọ àsọjù..."

"Dúró ná, Ẹnjiníà Pyo." Ìyá àgbà kan tó ń bó ọsàn nídìí fèrèsé ló sọ bẹ́ẹ̀. Guk Jeom-rye ni, olórí Solme, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìkòkò. "Inú abọ́ kan náà la ti máa jọ jẹun, àbí mi ò gbọ́ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà."

"Èmi àti ọkùnrin yẹn?" Ó fi àgbọ̀n júwe ẹni tó jókòó ní ìkángun kejì tábìlì, kò sì wo ojú rẹ̀. "Mi ò jẹ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kí ẹ tó kí i pé ẹ kú ìjẹun, ó ti ń lá abọ́."

Bong Chun-sam, olórí Jagae, ẹni tí wọ́n júwe náà, kò wò ó padà. Mi-ok ló kọjú sí.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún obìnrin Solme pé ẹni tí kò léyín lẹ́nu ló ń jẹun pẹ́."

Ìyá àgbà Guk náà kọjú sí Mi-ok. "Sọ fún un pé eyín tó wà lẹ́nu tiẹ̀ gan-an, ọwọ́ dókítà ló ti rà á."

Mi-ok wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ìwọ̀n tábìlì kan péré ló wà láàárín wọn, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó fà á. Ìyá àgbà Guk ló ní abo ewúrẹ́ dúdú kan, tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi pé kí wọ́n bá òun tà á ní Keunmal. Ọkọ̀ náà dúró ní Jagae láti já ẹrù. Ewúrẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, ó rìn gòkè, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bong Chun-sam. Wọ́n fà á, kò lọ. Wọ́n tì í, ó kàn wọ́n. Nígbà tí Ìyá àgbà ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá a padà, Chun-sam fèsì pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé òun, àlejò ni, òun kì í lé àlejò. Láti ọjọ́ náà ni Solme kò ti kí Jagae.

Alága ní ìjà ewúrẹ́ kò kan òun, mẹ́rin ni mẹ́rin ń jẹ́. Kan-sí-púpọ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìyá àgbà Guk kó ọsàn rẹ̀ dà sínú àpò, ó jáde, ó sì sọ fún ilẹ̀kùn pé wọ́n á wá òun wá.

*

Nǹkan dára fún oṣù méjì. Mi-ok gbé ẹ̀rọ olójú gbàràgàdà sórí òkè, ó gbé etí kan sí erékùṣù kọ̀ọ̀kan, ó sì dì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́nà tí ìjì kò fi ní rí wọn yọ. Láago kan ọ̀sán, àwọn àgbẹ̀ gim ní erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n á máa wo bí owó ọjà ṣe ń gòkè, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìgbà tó di oṣù Ṣẹẹrẹ ni nǹkan dàrú. Kò dàrú láàárọ̀, kò dàrú nírọ̀lẹ́. Bí aago bá ti ń lọ sí kan, kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo á dì bí omi inú páìpù lákòókò òtútù. Nọ́ńbà á dúró sójú kan. Nígbà tó bá fi máa mira, ọjà ti parí.

Olórí Dolgi, Ọ̀gbẹ́ni Ok, tí kì í sọ̀rọ̀ pọ̀, ló kọ́kọ́ pè.

"Ó kú," ló wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá àgbà Guk ló tẹ̀ lé e. "Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn! Ọkùnrin Jagae yẹn ti ń lá abọ́!"

Chun-sam ló pè gbẹ̀yìn. "Ẹnjiníà, mi ò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí ẹ bá dé erékùṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Sol', ẹ wò ó dáadáa."

Mi-ok jókòó sídìí ẹ̀rọ ní Keunmal, ó wo ẹni tó ń lo ọ̀nà. Dolgi kò lò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Jagae ń gbé ohun ńlá kan jáde láìdákẹ́. Solme sì ń fa ohun ńlá wọlé, ó ju ti Jagae lọ fíìfíì. Mi-ok họrí. Abúlé tí kò ju ilé mẹ́tàlélógún lọ, tí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ ju gim àti ìròyìn ojú ọjọ́ lọ, kí ni wọ́n ń fà?

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kejì, ó kọ́kọ́ sọ̀ ní Jagae.

Chun-sam pàdé rẹ̀ létí omi, ó mú un lọ sílé. Àyà ọkùnrin náà kò já rárá. Kódà inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ wá wo nǹkan kan kí ẹ tó ṣiṣẹ́," ló wí, ó sì mú un yí ẹ̀yìnkùlé.

Ewúrẹ́ dúdú náà wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ sápá ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó ru àpò méjì. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Kámẹ́rà mẹ́ta ló dojú kọ ọ́: ọ̀kan lápá orí, ọ̀kan lápá ìrù, ọ̀kan lókè pátápátá.

"Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Seoul ló bá mi ṣe é," Chun-sam wí. "Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ojú ewé wa, á rí Alága bó ṣe ń jẹ, bó ṣe ń sùn."

"Alága?"

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa."

Mi-ok wo irùngbọ̀n náà. Ewúrẹ́ náà wo òun náà, ó ń jẹnu bí ẹni tó ń ronú lórí bí wọ́n ṣe máa ná owó ẹgbẹ́. Mi-ok fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ láwọn èèyàn fẹ́ràn jù," Chun-sam ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Aago kan kù díẹ̀ ni mo máa ń fún un. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló ń wò ó lójoojúmọ́, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ sọnù! Ọmọ mi jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Mi ò mọ àwọn tó kù, àmọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbọ́n. Ìgbín Etí Òkun ló pe ara rẹ̀. Ẹni yẹn mọ ewúrẹ́ ju dókítà ẹran lọ. Ojoojúmọ́ ló ń kọ̀wé sí mi. Èmi náà kì í ṣe nǹkan kan mọ́ láìbi í."

"Kí ló máa ń kọ?"

Chun-sam rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ó máa ń bú mi ni. 'Ó rù. Ṣé òkúta lẹ fi ń bọ́ ọ ni?' Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Fóònù Mi-ok dún. Alága ẹgbẹ́ ni.

"Ẹnjiníà, àwọn àgbẹ̀ kún ọ́fíìsì mi. Kí ló ń jẹ nẹ́tíwọọ̀kì wa?"

"Mo ti rí apá kan, sà. Alága ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Rárá, sà! Kì í ṣe ẹ̀yin. Alága tó wà ní Jagae. Èyí tó lóyún."

"Ta ló lóyún?"

"Alága, sà. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Olórí Bong, wọ́n gbé kámẹ́rà tì í."

"Pyo Mi-ok," ohùn Alága ti lọ sílẹ̀ pátápátá, "ṣé o ti mu ọtí ni?"

Ó gba ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó yé e. Nígbà tó sì yé e, ohun tó kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe nípa nẹ́tíwọọ̀kì. Ó ní, "Irùngbọ̀n wa jọra ni?" Mi-ok ní òkun ń pariwo, òun ò gbọ́ ọ, ó sì pa fóònù.

*

Ìdajì ọ̀rọ̀ ló ti yé Mi-ok. Kámẹ́rà mẹ́ta ni ohun tí Jagae ń gbé jáde. Kí wá ni Solme ń fà wọlé? Ó wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì gúnlẹ̀ sí Solme bí aago kan ṣe ń kù díẹ̀.

Kò rí ẹnikẹ́ni níta. Kò sẹ́ni nídìí àwọ̀n, kò sẹ́ni níbi tí wọ́n ń sá gim. Ó rìn kọjá ilé kan, ó gbọ́ ohùn ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Ó dúró. Solme kò ní ewúrẹ́ kankan mọ́. Ó kọjá ilé kejì, mẹ̀ẹ́ẹ̀. Ilé kẹta, mẹ̀ẹ́ẹ̀. Gbogbo abúlé ń ké bí ọgbà ẹran.

Ó kan ilẹ̀kùn Ìyá àgbà Guk, ó sì ṣí i bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, láìdúró kí wọ́n dáhùn. Ìyá àgbà jókòó sórí ilẹ̀ yàrá tí iná abẹ́ rẹ̀ mú gbóná, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, ó gbé fóònù súnmọ́ imú, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé. Bó ṣe rí Mi-ok, ó fi fóònù sábẹ́ ìdí.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀," ni abẹ́ ìdí rẹ̀ wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá àgbà," Mi-ok wí.

"Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ Alága."

Ìyá àgbà mú fóònù jáde díẹ̀díẹ̀. Lójú rẹ̀ ni ewúrẹ́ náà ti ń jẹ ewé ọ̀dùnkún. Nísàlẹ̀ àwòrán náà ni ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wà: 'Ó rù. Ṣé òkúta lẹ fi ń bọ́ ọ ni?' Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Ìgbín Etí Òkun!"

"Pariwo rẹ̀ kí òkun gbọ́!" Ìyá àgbà fa apá rẹ̀ wálẹ̀. "Jókòó. Ewúrẹ́ mi ni. Èmi ni mo fi wàrà bọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ṣé mi ò ní máa wò ó ni? Mo gbàgbé ara mi lọ́jọ́ kan, mo fi han obìnrin kan ní ibi tí a ti ń já gim. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti mọ̀. Ilé mẹ́tàlélógún ló ń wò ó báyìí, wọn kì í jẹun ọ̀sán mọ́ títí òun náà á fi jẹ."

Mi-ok jókòó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú hóró ẹ̀wà yíyan mẹ́ta látinú àwo tó wà nílẹ̀, ó gbé ọ̀kan kalẹ̀, ó gbé méjì yòókù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ẹ wo ibí, Ìyá àgbà. Èyí ni Keunmal. Èyí Jagae, èyí Solme. Kò sí ọ̀nà tààrà láàárín Solme àti Jagae. Ohunkóhun tó bá kúrò ní Jagae gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Keunmal kó tó wá sọ́dọ̀ yín. Tí ilé mẹ́tàlélógún bá wá ń wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ni ewúrẹ́ kan ṣoṣo yẹn ń gba òkè Keunmal kọjá wá sí Solme. Gbogbo wọn ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà, lásìkò gbàǹjo gan-an."

Ìyá àgbà wo hóró mẹ́ta náà pẹ́.

"Nígbà náà, èmi náà ń lá abọ́," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ń lá a jù, ẹ má bínú."

Ìyá àgbà gbé hóró Keunmal, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. "Wàá sọ fún ọkùnrin yẹn?"

"Mi ò ní sọ fún un. Àmọ́ mo ní àwo méjì tó ti gbó ní ilé ìkẹ́rùsí, a ò lò wọ́n mọ́. Ọ̀nà kan kì í wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí kan-sí-púpọ̀ máa gbé gim, òun ló dára fún un. Ewúrẹ́ nìkan la máa ṣe kan-sí-kan fún: àwo kan ní Jagae, ọ̀kan níbí, kí wọ́n máa wo ara wọn lójú, kí wọ́n má gba Keunmal mọ́. A ó gbé àwòrán náà sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà. Gbogbo yín á jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ní gbangba?"

"Ní gbangba ni, Ìyá àgbà."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ṣé ó máa hàn dáadáa ju ti fóònù lọ?"

"Ẹ ó máa ka irun rẹ̀."

"Lọ gbé e wá."

Chun-sam kò bá a jiyàn. Mi-ok sọ fún un pé ọ̀nà tuntun náà á jẹ́ kí àwòrán Alága máa já gaara, Chun-sam sì ní kí wọ́n gbé e ró ná, kó tó wá bi Mi-ok pé ọ̀dọ̀ ta ni ọ̀nà náà ń lọ. Nígbà tó gbọ́ Solme, ó wo ewúrẹ́ rẹ̀, ó ní, "Nítorí nẹ́tíwọọ̀kì ni o. Kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni."

*

Àwo kan-sí-kan kì í gba gbẹ̀rẹ́. Èyí tó lójú gbàràgàdà, ibi tó wù ẹ́ lo lè gbé etí rẹ̀ sí níwájú rẹ̀, á gbọ́. Àmọ́ àwo tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, bó bá fi ìbú ìka kan yà, ẹja ló ń bá sọ̀rọ̀ yẹn. Mi-ok ti gbé ti Solme sórí òrùlé gbọ̀ngàn láàárọ̀, ó sì fi Ìyá àgbà Guk tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà hàn. "Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ló ṣe ń dára, Ìyá àgbà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ látorí àádọ́rùn-ún. Àádọ́ta là ń wá." Lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀ lọ sí Jagae. Ọ̀sán ti pọ́n, òtútù ń já èèyàn létí. Ó gun òrùlé ilé ìsá-gim Chun-sam, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú. Chun-sam ló wá di fóònù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹnjiníà," Chun-sam wí, "ẹ bá mi bi obìnrin Solme pé nọ́ńbà mélòó ló rí."

Mi-ok ronú nípa ọdún mẹ́rin. Ó mú sípánà, ó sì fi eyín há a.

"Ẹnjiníà?"

"Mmm," ni Mi-ok wí, ó sì fi ojú júwe fóònù.

Chun-sam wo òkun, ó wo ọ̀run. Ó gbé fóònù sétí. "Nọ́ńbà mélòó?"

"Ta ló ń béèrè?" Ohùn Ìyá àgbà dún ketekete.

"Èmi ni."

"Èmi wo?"

"Bong Chun-sam!"

"Mo mọ Bong Chun-sam kan rí. Ó jí ewúrẹ́ mi."

"Ewúrẹ́ ló jí mi! Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi sílé! Nọ́ńbà mélòó?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún."

Mi-ok rọra yí àwo.

"Báyìí ńkọ́?"

"Méjìlélọ́gọ́rin. Ẹ yí i sọ́tùn-ún."

"Ọ̀tún tèmi àbí ọ̀tún tiyín?"

"Ọ̀tún ẹni tórí rẹ̀ pé!"

"Ta lórí rẹ̀ pé nínú wa?"

"Ó tún ti di àádọ́rùn-ún! Ẹ ti kọjá! Ẹ padà, ẹ padà, ọkùnrin yìí fẹ́ bá àwọn ará Ṣáínà sọ̀rọ̀!"

Mi-ok fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ sípánà kò jẹ́. Itọ́ ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Ó yí i padà ní ìwọ̀n irun kan. Àádọ́rin. Márùndínláàádọ́rin. Nísàlẹ̀, Alága gbọ́ ariwo tó wà lórí òrùlé, ó sì ké igbe kan tó gùn bíi fèrè ọkọ̀.

"Kí ló ń ṣe é?" Ìyá àgbà pariwo. "Kí ló dé tó fi ń ké bẹ́ẹ̀? Mo sọ fún yín! Ó rù! Ṣé òkúta lẹ fi ń bọ́ ọ ni?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Chun-sam gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà.

"Ìgbín Etí Òkun?"

Ó fi ọwọ́ bo etí kejì kó lè gbọ́ dáadáa.

"Ìgbín Etí Òkun, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Mi ò mọ ìgbín kankan. Nọ́ńbà ti di méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ta ló ní kí n fi omi gbígbóná wẹ pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀? Ta ló ní kí n má fún un ní kàbéèjì tó ti dì? Oṣù méjì la ti ń sọ̀rọ̀!" Ohùn Chun-sam dàrú. Ó rántí nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Áà. Mo sọ fún Ìgbín pé obìnrin kan wà ní Solme..."

"Tórí rẹ̀ le ju ìkarawun lọ. Mo kà á."

"Mo tún ní..."

"Pé tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹja ń kú lódò. Mo ka ìyẹn náà. Mo fi àmì ìtẹ́wọ́gbà sí i, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín."

Atẹ́gùn fẹ́ kọjá. Chun-sam jókòó sórí òrùlé.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ọdún mẹ́rin nìyẹn tí kò ti pè é bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti àná. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò gbẹ̀bí ewúrẹ́ rí."

"Mo rí i. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún un, kó nípọn. Má sì fọwọ́ kàn án bí kò bá pè ọ́. Àádọ́ta, Chun-sam! Àádọ́ta gééré! Sọ fún ọmọ yẹn kó má mí mọ́!"

Mi-ok yọ sípánà lẹ́nu, ó sì di nọ́ọ̀tì tó mú àwo náà dúró.

*

Láti ọjọ́ kejì, gbàǹjo ń lọ geerege. Nọ́ńbà kì í dúró mọ́. Ní Solme, gbọ̀ngàn àwọn àgbà ń kún láago kan ju ọjọ́ ìdìbò lọ. Wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n wo ewúrẹ́, wọ́n fi fóònù kan ṣoṣo wo owó ọjà, wọ́n sì jọ ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Alága bí. Ìyá àgbà Guk dúró sẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n, ó di fóònù mú, ó ń darí Chun-sam bí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Dúró! Má fà á! Mo ní má fà á! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ kúrò níwájú mi, mi ò rí ìrù!" Ọmọ àkọ́kọ́ jáde, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìkejì jáde. Wọ́n rò pé ó parí, Chun-sam ti dìde kó lọ fọwọ́, nígbà tí ẹ̀kẹta jáde lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo Solme ló jọ kígbe mọ́ ọn pé kó yíjú padà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn níbẹ̀ ju fóònù kan ṣoṣo lọ.

Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ìyá àgbà bá dé Jagae. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ewé òkun lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń sè fún ìyá ọmọ tuntun. Ó gbé e síwájú Alága. Alága gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀ ọ́, ó sì jẹ aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ìyá àgbà àti Chun-sam ló jókòó jẹ ọbẹ̀ náà pẹ̀lú ìrẹsì, Mi-ok tó wá wo àwo náà bá wọn jẹ. Chun-sam ló jẹ tán ṣáájú. Ìyá àgbà wo abọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ kedere, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan kan, ó sì bu òmíràn fún un.

Nípa ọmọ mẹ́ta, wọ́n jiyàn fún wákàtí méjì. Ìyá àgbà mú ọ̀kan, Chun-sam mú ọ̀kan, wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ pè láti Keunmal, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kúkú yí orúkọ ewúrẹ́ náà padà, torí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń kí òun pé ẹ kú ewu ọmọ. Chun-sam ní ewúrẹ́ kì í dáhùn sí orúkọ mìíràn bí ọ̀kan bá ti mọ́ ọn lára. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alága wá sí ìpàdé, ó ti fá irùngbọ̀n.

Mi-ok ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò lọ́jọ́ náà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Olórí Dolgi ni, Ọ̀gbẹ́ni Ok.

"Àwa náà fẹ́ àwo," ló wí.

"Ṣé nẹ́tíwọọ̀kì yín kò dára mọ́ ni, sà?"

"Ó dára."

"Kí lẹ wá fẹ́ máa fi àwo wò?"

"A ní pẹ́pẹ́yẹ kan," ni Ọ̀gbẹ́ni Ok wí. "Ó dára púpọ̀."